Ìtumọ̀ àti Ìlò «Kick Off» Lọ́wọ́ Onítumọ̀ Yorùbá

Àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì tí à ń yẹ̀ wò nínú pépà yìí ni «kick off». «Bẹ̀rẹ̀» ni ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ mọ́ ọn. Èrò wa ni pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo yìí kò tó, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́, ó lè pa ènìyàn lára.

Orí pápá bọ́ọ̀lù ni ìlò yìí ti ṣẹ̀. Nínú òfin tí Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ẹ̀ńgláǹdì ṣe ní ọdún 1863, àárín pápá ni a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, àwọn alátakò kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ju yáàdì 10 lọ títí a ó fi gbá a. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìpàdé, òwò àti ìpolongo ìbò. Èdè ojoojúmọ́ ni. Kò yẹ ìwé àdéhùn. (Ní Nàìjíríà, «flag off» ni àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti lò fún ètò ìjọba: ti àsíá ni ìyẹn, kì í ṣe ti ẹsẹ̀.)

Ní ti gírámà, a lè wí pé «kick off the meeting» tàbí «kick the meeting off». Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín ni dandan: «kick it off». Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa, nítorí a ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, irú èyí tí Bámgbóṣé ṣàlàyé nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti ọdún 1966. «Dá ẹgbẹ́ sílẹ̀» ni à ń wí. Kò sí ẹni tí í wí pé «dá sílẹ̀ ẹgbẹ́». Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi àbọ̀ sí àárín nígbà gbogbo kò ní í ṣìnà, bí àbọ̀ náà kò bá ti gùn jù.

Ohun tí à ń bẹ̀rẹ̀ ni ó ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe fún wa ní Yorùbá: à ń ṣí ìpàdé, à ń fi ètò lọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn ti ta kókó ni ìlò kan tí ó wọ́pọ̀ ní Bìrìtéènì. Níbẹ̀, «it kicked off» lè túmọ̀ sí pé ìjà tàbí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀. «He kicked off» lè túmọ̀ sí pé ẹnì kan bínú, ó sì ń pariwo, bóyá láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹlẹ́rìí kan sọ gbólóhùn kejì yìí ní ilé-ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún olùjẹ́jọ́ tí ó jẹ́ Yorùbá. Bí ó bá wí pé «ó gbá a nípàá», ó ti sọ ariwo di ìluni. Bí ó bá wí pé «ó bẹ̀rẹ̀», olùjẹ́jọ́ yóò máa ronú pé kí ni ó bẹ̀rẹ̀. «Ó fara ya» ni ó bá a mu.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tilẹ̀ gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. «It» ibẹ̀ kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. «Ó» tiwa kò ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára nǹkan. Nítorí náà, bí ògbufọ̀ bá wí pé «ó dá ìjà sílẹ̀», ẹnì kan ni olùjẹ́jọ́ yóò gbọ́ pé a ń fẹ̀sùn kàn, ó sì lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀. «Ìjà bẹ́ sílẹ̀» kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí náà kò ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.