Táyà Ńlá Lábẹ́ Pick-up: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tó ń wa pick-up l'Amẹ́ríkà níbí, ọ̀pọ̀ yín ló ń bọ́ táyà tó bá ọkọ̀ wá, tẹ́ ẹ wá ń fi gàgàrà sí i. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Táyà 265/70R17 ga tó ínṣì 31.6. Bí ẹ bá fi oníínṣì 35 rọ́pò rẹ̀, ó fi nǹkan bí 11% ga jù ú lọ. Aago á ní 60 lẹ ń sá, ẹ ti wà ní 66. Ọlọ́pàá ò sì ní gbọ́ àlàyé. Máìlì tó ń kà náà á dín. Oníṣẹ́ ara rẹ̀ tó ń kọ máìlì sílẹ̀ nítorí owó orí ń fi owó ara rẹ̀ ṣòfò nìyẹn.

Ìwúwo ló wá burú jù. Táyà kì í ṣe ẹrù tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀, yíyí ló ń yí. Ẹ́ńjìnnì á lo agbára kó tó yí i, bíréèkì á tún lo agbára kó tó dá a dúró. Gíga rẹ̀ sì ń jẹ lára agbára jíà: jíà ẹ̀yìn 3.73 á máa ṣe bíi 3.37. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fa trailer sọ̀kalẹ̀ òkè, táwọn ọmọ wà lẹ́yìn, ẹ máa mọ̀ pé ọkọ̀ ò tètè dúró mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ dandan, kó ní kí mẹkáníìkì tún aago eré ṣe, kó sì pààrọ̀ jíà sí 4.10. Kó rí i pé ẹrù tí táyà tuntun lè gbé ò kéré sí ti àkọ́kọ́.