Ohun Gbogbo Ń Kọjá Lọ: Ẹ̀kọ́ Búdà àti Ilé Ọlọ́fọ̀

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa tó ti kó lọ sí Lọndọn pè mí lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Dókítà ti ní kó lọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní mindfulness, níbi tí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́, tí a sì ń fiyè sí èémí wa. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ìbọ̀rìṣà nìyí?" Mo ní kó jìnnà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ ohun tí mo ń sọ.

Jon Kabat-Zinn ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí ní 1979 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts, fún àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀. Kò sí ère nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀sìn Búdà ló ti hù. Ní èdè Pálì, sati ni wọ́n ń pe fífi iyè sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é yóò rí anicca, èyí ni pé kò sí ohun tó dúró: èémí wọlé, ó jáde, ìbínú ru, ó rọlẹ̀. Búdà kò ní ká má fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé dídi ohun tí ń kọjá lọ mú ṣinṣin ló ń bí ìrora.

Wọ́n máa ń sọ ìtàn Kisa Gotami. Ọmọ rẹ̀ kú, ó gbé òkú náà káàkiri, ó ń tọrọ oògùn. Búdà kò bá a jiyàn. Ó ní kó lọ mú hóró músítádì wá láti ilé tí ikú kò wọ̀ rí. Obìnrin náà ń ti ilé dé ilé. Músítádì wà, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò tíì pàdánù ẹnì kan. Nígbẹ̀yìn, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń gbé òkú sí. Títí di ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó wàásù fún un. (Mélòó nínú wa ló lè pa ẹnu mọ́ bẹ́ẹ̀ nílé ọlọ́fọ̀?)

Èyí kò ṣàjèjì sí ìwé Oníwàásù. Hebel, ọ̀rọ̀ Hébérù tí Bíbélì wa pè ní asán, èémí tàbí ìkùukùu ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé Búdà kọ́ni pé kò sí "èmi" kan tó wà títí. Àwa ń retí àjíǹde ara. Ọ̀tá la ka ikú sí, Jésù pàápàá sì sọkún nígbà tí Lásárù kú. A kò gbọdọ̀ lú ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo pe arábìnrin náà padà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mi, kò sì tíì máa rí oorun sùn. Mo ní kó padà lọ, kó máa fiyè sí èémí rẹ̀, kó sì máa gbàdúrà sí Ẹni tó mí i sí i nínú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀. Fún bíi wákàtí kan, mo kàn ń gbọ́ ni.