Àwọn Èèrà Inú Balùwẹ̀ Wa

Àbíkẹ́yìn wa ni ó kọ́kọ́ rí àwọn èèrà náà. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń tò yí ihò omi balùwẹ̀ wa ká, ní Agblangandan níbí. A da omi gbígbóná sí wọn, wọ́n tún padà. A wá bá àwọn ọmọ wí pé wọ́n ń gbé bisikíìtì wọ ibẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún ni, ooru sì mú. Ìyá àwọn ọmọ ń mu omi bí ẹni tí ó ti Àjàṣẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé. Ó ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru láti lọ tọ̀. A ní ooru ni. Aṣọ rẹ̀ ń tú sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni kò dín oúnjẹ kù. Àwọn obìnrin ọjà ń yìn ín pé ó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láti òwúrọ̀. A ní iṣẹ́ ni. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì bí ó bá fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́. A ní kí ó lọ ra awò ojú. Bàtà bó o ní gìgísẹ̀, egbò náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò jinná. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kí wọ́n kó ẹ̀rí jọ kí wọ́n tó dáhùn, a wá àwáwí fún àmì kọ̀ọ̀kan, a kò so wọ́n pọ̀ rárá.

Egbò yẹn ni ó gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gún un lọ́mọ ìka kí ó tó jẹun: 2,84 giraamu ṣúgà nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ti pé 1,26 lẹ́ẹ̀mejì láìtíì jẹun, àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà.

“Èmi tí n kì í fi ṣúgà sí tíì?” Ohun tí ó bi dókítà nìyẹn, omi sì lé sí i lójú. Dókítà ní gàrí, àkàsà, ìrẹsì àti búrẹ́dì, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nínú ẹ̀jẹ̀, ká má tíì sọ ti ìgò sucrerie tí a fi ń ṣe àlejò. Ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlúkù ń ṣe, ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú ara. Nínú irú tirẹ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àgbà, ara kò gbọ́ràn sí ínsúlínì dáadáa mọ́, èyí tí ara ń ṣe kò sì tó. Ṣúgà wá kún inú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín ń dà á sínú ìtọ̀, ṣúgà sì ń fa omi tẹ̀ lé ara rẹ̀; ìdí nìyí tí òùngbẹ àti ìtọ̀ fi ń lé ara wọn kiri. Èèrà ti mọ̀ ṣáájú wa. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ti kíyè sí èèrà bẹ́ẹ̀ láti ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irú kan wà tí ó máa ń mú ọmọdé àti èwe. Kì í pẹ́ rárá: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ tí kò tọ̀ sílé mọ́ tún bẹ̀rẹ̀, ó ń mu omi, ó sì ń rù. Bí ó bá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tí ó pọ́n jù, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn. Kí a tó fún ọmọkùnrin kan ní ínsúlínì ní Toronto ní ọdún 1922, ikú ni ó ń gbẹ̀yìn irú èyí. Ti àgbà, ní tirẹ̀, lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì kankan hàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé agbo wá. “Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí á wádìí ẹni tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.” Ìyàwó wa pa oògùn òyìnbó tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ fún wa, egbò tí ó ti ń san tún là. Inú bí wa, ṣùgbọ́n àwa tí a fi ooru bo àìsàn fún oṣù mẹ́ta, ẹnu wo ni a ó fi bá a wí? Ó ti padà sí oògùn rẹ̀ báyìí. Egbò ti jinná, ó sì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ní alaalẹ́.

A lọ yẹ tiwa náà wò: 1,14. Kò tíì di àìsàn, kò sì dára tó. Wọ́n ní kí a padà wá. A sọ fún ẹ̀gbọ́n pé àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé, pé kí òun náà lọ. Kò tíì gbà kí wọ́n gún òun lọ́wọ́.