Síìpù Ìyá Mi àti DNA Bakitéríà

Ìbéèrè kan wà tí kì í jìnnà sí ìdánwò wa: ṣàlàyé iṣẹ́ Meselson àti Stahl. Mo há a sórí, mo kọ ọ́, mo gba máàkì, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Ìsọlọ̀ ni ó ti wá yé mi.

Télọ̀ ni ìyá mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán mi lọ sí Òṣòdì láti ra síìpù jákẹ́ẹ̀tì, dúdú àti funfun. Ẹ mọ irú síìpù yẹn: bí ẹ bá ṣí i dé ìsàlẹ̀, apá méjèèjì á já kúrò lára ara wọn. Apá òsì ò lè bá apá òsì lọ, apá ọ̀tún nìkan ló bá a mu. Bí DNA náà ṣe rí nìyẹn. Okùn méjì ni, A ń bá T lọ, G ń bá C lọ, bí Watson àti Crick ṣe sọ ní 1953. Àwọn méjèèjì fura pé okùn méjì náà máa ń já kúrò lára ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ní ẹnìkejì tuntun. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí.

Èrò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Àkọ́kọ́ ní DNA àtijọ́ wà bó ṣe wà, a sì ṣe odidi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkejì ní DNA kọ̀ọ̀kan ní okùn àtijọ́ kan àti tuntun kan. Ẹ̀kẹta ní a gé àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, a sì pò ó mọ́ tuntun nínú okùn gbogbo. Èwo ni òótọ́? Àtijọ́ àti tuntun jọra bí ìbejì, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀?

Ìwọ̀n ni Matthew Meselson àti Franklin Stahl fi dá wọn mọ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ Caltech ní California. Iṣẹ́ wọn jáde ní 1958. Náítírójìn wà nínú DNA. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 14, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ 15 tún wà, tí neutron kan péré fi wúwo jù ú lọ. Bakitéríà ń jẹ méjèèjì bákan náà. Wọ́n fi èyí tó wúwo bọ́ E. coli fún ìran 14, títí DNA rẹ̀ fi wúwo. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí oúnjẹ rẹ̀ padà sí èyí tó fúyẹ́, wọ́n sì ń bù nínú rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Wọ́n da DNA náà sínú omi iyọ̀ cesium chloride, wọ́n sì fi ẹ̀rọ yí i bírí bírí, ó lé ní ìgbà 44,000 ní ìṣẹ́jú kan, fún bí wákàtí 20. Iyọ̀ á ki sí ìsàlẹ̀, DNA kọ̀ọ̀kan á sì dúró níbi tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, bí ìlà kan.

Mo mú síìpù dúdú méjì, mo pè wọ́n ní DNA tó wúwo. Mo tú wọn sí apá mẹ́rin, mo sì fún apá kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì funfun. Mo ní mẹ́rin, gbogbo wọn aláwọ̀ méjì. Ohun tí wọ́n rí gan-an nìyẹn lẹ́yìn ìran kan: ìlà kan ṣoṣo, láàárín. Èrò àkọ́kọ́ ṣubú, torí ìlà méjì ni ìbá fún wa, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́.

Mo tún wọn tú, mo tún fún wọn ní funfun. Ó di mẹ́jọ: mẹ́rin aláwọ̀ méjì, mẹ́rin funfun pátápátá. Lẹ́yìn ìran kejì, ìlà méjì ló hàn sí wọn, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀kẹta náà ṣubú, torí ìlà kan ṣoṣo ni ìbá máa fún wa títí. Ó ku èkejì.

Ìyá mi gbójú sókè. “Ṣé síìpù oníbàárà lo ń tú ká báyìí?”

“Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni.” Mo ṣàlàyé fún wọn.

Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. “Bó o bá ń ṣe é lọ báyìí, dúdú yẹn ò ní tán?”

“Kò ní tán, mà. Á kàn máa wà láàárín ọ̀pọ̀ funfun ni.”

Ìbéèrè yẹn ló mú mi rántí oògùn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, inú ń run mí. Mo ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn ní ibùdókọ̀, láìṣe àyẹ̀wò kankan. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa bakitéríà tí kò lágbára sí i. Bí ọ̀kan bá wà tí DNA rẹ̀ ti yí padà tí oògùn kò ràn án, òun ló máa kù. Okùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwòṣe fún tuntun, nítorí náà ohun tó wà lára rẹ̀ ni a ó kọ sára gbogbo ọmọ rẹ̀. Níbi tí oúnjẹ bá pọ̀, E. coli lè di méjì ní ogún ìṣẹ́jú. Ní wákàtí mẹ́jọ, lórí ìwé, ọ̀kan ti lé ní mílíọ̀nù 16.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibòmíràn. Ní 2000, Iruka Okeke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí E. coli 758 tí wọ́n gbà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà láàárín 1986 àti 1998. Fún tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin, èyí tí oògùn kò ràn jẹ́ 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1986. Ní 1998, ó ti di 56 sí 100. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n.

Bí ìdánwò bá ń bọ̀, ẹ yá síìpù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò yín, ẹ tú u lẹ́ẹ̀mejì. Bí inú bá sì ń run yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó ra kápúsù. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ó kù kí n to síìpù ìyá mi padà bí mo ṣe bá a, dúdú mọ́ dúdú, funfun mọ́ funfun. Bakitéríà ò lè ṣe ìyẹn.