Ọtí Bàbà Tó Pọ́n Dáadáa: Inú Ọkà ni Àwọ̀ Ti Ń Wá, Kì í Ṣe Inú Ọ̀rá

  

Ọ̀rọ̀ ọtí bàbà la fẹ́ sọ lónìí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní tchakpalo. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́ ló gbé ìbéèrè náà wá. Ó ní látìgbà tí ọkà bàbà ti gbówó lórí lòun ti ń fi àgbàdo kún un. Ọtí náà ṣì dùn lẹ́nu, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ó wá dà bí omidùn ògì. Oníbàárà á dé, á wo inú igbá, á ní, "Ìyá, ẹ ti bomi là á." Bẹ́ẹ̀ kò bomi là á o! Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹnì kan wá fi ìyẹ̀fun pupa hàn án nínú ọ̀rá kékeré, ó ní ṣíbí kan péré á pa odindi garawa pọ́n. Ìyá yìí kò tíì rà á. Ó ní kí a kọ́kọ́ bá òun wò ó ná.

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ má rà á. A ó sọ ìdí rẹ̀, a ó sì sọ ohun tí ẹ lè ṣe tí ọtí yín á fi tún pọ́n.

NÍBO NI PUPA YẸN TI Ń WÁ?

Ẹ mú ẹyọ ọkà bàbà pupa kan, kí ẹ fi èékánná họ ara rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ara èèpo ni pupa náà wà, inú rẹ̀ funfun. Èèpo yẹn ló ń fi àwọ̀ sílẹ̀ nínú omi nígbà tí a bá ń se ọtí. Àgbàdo kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Torí náà, bí àgbàdo bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú ìkòkò ni pupa á máa dín kù. Kì í ṣe ọwọ́ ìyá wa ló bàjẹ́, ọkà ló yí padà.

Gbogbo wa la mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àgbàdo ló wọ́pọ̀ lóko wa níhìn-ín. Òkè ni ọkà bàbà ti ń wá, láti Borgou, Atacora àti Alibori, àwọn tó ń fi í ṣe tchoukoutou tiwọn. Kó tó dé ọjà wa, owó ọkọ̀ ti gun orí rẹ̀. A ò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi àgbàdo kún un mọ́. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ọkà bàbà díẹ̀ tí a ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Ẹ má ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́rin padà lọ́jọ́ kan, tí ọtí sì korò, ẹ ò ní mọ èyí tó fà á. Ẹ yí ọ̀kan, ẹ wò ó, kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ọ̀NÀ KÌÍNÍ: Ẹ YAN ỌKÀ LÁTI ỌJÀ

Ẹ má kàn sọ pé "ẹ wọn ọkà bàbà fún mi." Ẹ tú u wò. Ọkà bàbà funfun wà, aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wà, èyí tó pọ́n dòdò sì wà. Eléyìí tó pọ́n dòdò ni kí ẹ mú. Ẹ jẹ ẹyọ kan: bí ó bá pa ẹnu yín pọ̀ díẹ̀ bí obì, àwọ̀ àti agbára wà lára èèpo rẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí ọkà tó ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú lára bí ohun tó bu. Dúdú yẹn kì í ṣe àwọ̀. Ó lè ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa májèlé náà. Ọkà tó bá ti bu, kò tọ́ sí ọtí, kò tọ́ sí adìyẹ.

Tí ẹ bá ń lo ìwọ̀n àgbàdo márùn-ún sí ọkà bàbà márùn-ún, ẹ gbìyànjú àgbàdo mẹ́rin sí ọkà bàbà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo bí àwọ̀ ṣe yí padà àti iye owó tó gbà. Bí owó náà bá pọ̀ jù, ẹ bọ́ sí ọ̀nà kejì.

Ọ̀NÀ KEJÌ: Ẹ YAN DÍẸ̀ NÍNÚ ỌKÀ TÓ TI HÙ

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọntí ti mọ bó ṣe ń lọ: a rẹ ọkà sómi mọ́jú, a tẹ́ ẹ, a bò ó, ó hù fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, a sá a sóòrùn, a lọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkà ń hù, agbára kan ń jáde nínú rẹ̀ tó ń sọ ìyẹ̀fun di adùn. Adùn yẹn ni ìwúkàrà máa jẹ tó fi ń di ọtí. Iná líle ń pa agbára náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá àgbà fi máa ń rọra da omi òkè ìkòkò sọ́tọ̀, tí wọ́n á se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan, kí wọ́n tó da méjèèjì pọ̀.

Ẹ ò wá gbọdọ̀ yan gbogbo ọkà yín o! Bí ẹ bá yan gbogbo rẹ̀, omi pupa kíkorò tí kò dùn lẹ ó rí. Ìwọ̀nba ni: nínú ọkà híhù kílò 10, ẹ mú 200 gíráàmù, ìyẹn bí ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan. Ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Tó bá ti ń ta sánsán, tó sì dà bí èèpo ẹ̀pà yíyan, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di èédú. Ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ìyókù.

Kì í ṣe àwa nìkan la mọ ọgbọ́n yìí. Ní Ireland, wọ́n ní ọtí pupa kan tí wọ́n ń fi báálì ṣe. Báálì tí wọ́n yan dúdú ni wọ́n máa ń bù díẹ̀ sí i, kílò 2 tàbí 3 nínú 100 péré, òun ló sì ń jẹ́ kó pọ́n. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di kílò 10, ọtí náà kò pọ́n mọ́, ó di dúdú kirikiri. Ẹ rí i pé díẹ̀ ló ń pa nǹkan pọ́n, púpọ̀ ló ń pa á dúdú.

Ọ̀NÀ KẸTA: ÀKÓKÒ ORÍ INÁ

Bí ọtí bá ṣe ń pẹ́ lórí iná ni omi rẹ̀ ń dín kù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń jinlẹ̀. Ọ̀nà yìí rọrùn, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀. Bí lítà 20 bá di 17 lórí iná, ẹ ti pàdánù lítà mẹ́ta. Ká ní 200 sẹ́fà lẹ ń ta lítà kan, 600 sẹ́fà ti gòkè lọ gẹ́gẹ́ bí oru, láì tíì ka owó igi ìdáná. Ẹni tí igi ìdáná kò wọ́n fún ló lè ṣe é.

Ọ̀NÀ KẸRIN: PÒRÒPÓRÒ ỌKÀ BÀBÀ

Ẹ mọ wàrà àwọn Fúlàní tó máa ń pupa níta, tó funfun nínú. Èèpo ewé tó wé mọ́ igi ọkà bàbà kan, tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń pa á láró. Àwọn tó ń ta àgbo náà ń tà á. Inú ọkà bàbà kan náà ni aró yìí ti wá, oúnjẹ ni, kì í ṣe kẹ́míkà.

Ẹ fọ ìdì kékeré kan mọ́, ẹ sè é lọ́tọ̀ nínú omi lítà méjì fún bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ sẹ́ ẹ. Nígbà tí ọtí yín bá ṣì wà lórí iná, ẹ da ife kan sínú lítà 20, ẹ rò ó, ẹ bù ú wò. Bí kò bá tó, ẹ tún fi ife kan sí i. Ẹ dúró nígbà tó bá tó, torí kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Àwọn tó ń pa wàrà láró máa ń fi káún sí i kí àwọ̀ lè yọ. Nínú ọtí, ẹ má fi káún sí i. Káún ń pa kíkan ọtí, kíkan yẹn sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́.

BÁWO LẸ ṢE MÁA MỌ̀ PÉ Ó TI PỌ́N TÓ?

Inú igbá ń tan ojú jẹ. Ọtí tó ṣì dàrú náà ń tan ojú jẹ, ó máa ń dà bíi pé ó funfun ju bó ṣe rí lọ. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ bù ú sínú ife gíláàsì, ẹ gbé e síwájú bébà funfun ní ojúmọmọ. Ẹ tọ́jú ìgò kékeré kan nínú ọtí tó kọjá, kí ẹ fi wé ti òní.

Ọkùnrin kan ní England, Joseph Lovibond, tóun náà ń pọntí, ní irú wàhálà yìí. Ojú lásán kò tó fún un láti mọ̀ bóyá ọtí òní bá ti àná mu. Ní 1885, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń lo gíláàsì aláwọ̀ láti fi wọn àwọ̀ ọtí. Ẹ̀yin kò nílò ẹ̀rọ. Ife kan, bébà kan, àti ìwé tí ọmọ iléèwé á bá yín kọ ìwọ̀n sí, ó ti tó.

Ọ̀RỌ̀ ÌLERA: Ẹ GBỌ́ ÈYÍ DÁADÁA

Èkíní, ìyẹ̀fun inú ọ̀rá. Aró aṣọ wà, aró awọ wà, aró oúnjẹ wà. Èyí tí kò ní orúkọ lára, tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Àwa tí a ń fọ epo pupa níhìn-ín yẹ ká rántí: ní 2015, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana kéde pé wọ́n rí aró kan tó ń jẹ́ Sudan IV nínú epo pupa tí wọ́n ń tà lọ́jà. Aró yẹn kì í ṣe ti oúnjẹ, àwọn onímọ̀ sì ń bẹ̀rù pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Gbogbo ẹni tó ń ta epo ni wọ́n wá ń fura sí, títí kan ẹni tí kò fi í sínú epo tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí bí ẹnì kan bá fi aró sínú tchakpalo. Ẹni tó mu ún á ṣàìsàn, ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ á pàdánù oníbàárà.

Èkejì, ẹ̀hù ọkà bàbà. Nígbà tí ọkà bàbà ń hù, májèlé kan ń wà nínú ẹ̀hù àti gbòǹgbò rẹ̀, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Tí ọkà bá ti gbẹ, ẹ fi ọwọ́ ra á, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ̀hù náà kúrò kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ se ọtí yín jinná láìbo ìkòkò pa.

Ẹ̀kẹta, ohun èlò. Ọtí kíkan ń jẹ irin. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú garawa páànù, ẹ má sì rọ ọ́ sínú bídọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fi gbé kpayo rí. Ẹ fọ̀ ọ́ títí, òórùn epo kò ní kúrò, ohun tó wà nínú epo náà kò sì ní kúrò.

Ẹ̀kẹrin, ọtí pupa ṣì ni ọtí. Kì í ṣe fún ọmọdé, kì í ṣe fún aláboyún, kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ gun zémìjàn lọ sílé.

LỌ́JỌ́ ỌJÀ

Ìyá wa, ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkà yíyan, torí òun ló náwó kéré jù. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ìkòkò kékeré, kí ẹ fún àwọn ará ilé mu. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́jà. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó mú un pọ́n, ẹ fi ọkà yíyan náà hàn án nínú àwo. Ẹni tó ra aró inú ọ̀rá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ibẹ̀ lẹ ó ti gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙGBỌ́

1. Ta ló ń pọn tchakpalo láàárín wa? Ìwọ̀n àgbàdo àti ọkà bàbà mélòó ló ń lò?
2. Tí àwọn tó ń pọntí ní abúlé wa bá dáwó jọ ra ọkà bàbà pupa ní àpò odindi, èló ni kálukú á fi pamọ́?
3. Ta ni a ó sọ fún bí a bá rí ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun pupa tí kò lórúkọ lọ́jà wa?

Ẹ jíròrò rẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ èsì sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ìyá tó béèrè, a ń retí yín: ẹ wá sọ bí ti ìkòkò kékeré náà ṣe rí. Ó dìgbà kan ná o. Ọjà á tà, ara á le.