Àpò Omi Inú Ẹ̀dọ̀ Àgbò: Ẹ Má Jù Ú Sí Ajá

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Islam, pàápàá jùlọ ẹ̀yin alápatà àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbò, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a kì í sábà sọ lórí mínbárì, tí ó sì yẹ kí á sọ kí Iléyá tó dé.

Bí a bá la inú àgbò tàbí ràkúnmí, nígbà mìíràn a ó rí àpò funfun kan tí omi kún inú rẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù. Alápatà a gé e, a jù ú sí ajá tí ó ń dúró de egungun. Gígé náà dára, ṣùgbọ́n jíjù tí ó jù ú sí ajá ni ó burú.

Ọmọ aràn ni ó wà nínú àpò yẹn. Echinococcus ni àwọn oníṣègùn ẹran ń pè é. Inú ìfun ajá ni ó ti ń dàgbà, kò sì gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹyin rẹ̀ a bá ìgbẹ́ ajá jáde sórí koríko àti sínú omi. Àgùntàn a jẹ ẹ́, àpò a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá bá ajá ṣeré tí kò fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, ẹyin kan náà lè wọ inú òun pẹ̀lú. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀dọ̀ tí a jẹ ni ó ń kó àrùn náà ràn wá, bí ọ̀pọ̀ ti ń rò. Láti ara ajá ni. Àpò náà lè wà nínú ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó mọ̀, bí ó bá sì bẹ́ sínú ikùn, ó lè pa á.

Aràn yìí kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ohun àjogúnbá inú rẹ̀ wò fún wọn ní nọ́ńbà. G1 ni ti àgùntàn, òun ni ó ń mú ènìyàn jùlọ káàkiri ayé. G6 ni ti ràkúnmí, ó ń mú ewúrẹ́ àti màlúù, ó sì lè mú ènìyàn. Ní odò ẹran Kánò, ràkúnmí ni àwọn tí ó yẹ ẹran wò ti rí àpò náà lára rẹ̀ ju ti màlúù àti àgùntàn lọ. Kí oníṣòwò àgbò má sọ pé èyí kò kan òun: ajá tí ó ń rìn káàkiri ọjà ẹran kì í yan ìfun tí yóò jẹ. Ẹran tí ó ti dàgbà ni ó sì ń ní in jù, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń jẹ koríko.

Ẹ̀sìn wa pàṣẹ kí á fọ abọ́ tí ajá bá lá ní ẹ̀ẹ̀méje, kí á fi erùpẹ̀ sí ọ̀kan nínú rẹ̀. Èmi kò sọ pé nítorí aràn yìí ni. Ọlọ́run ni ó mọ ìdí àṣẹ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó ń fọ abọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju fùkù aláàrùn fún ajá.

Ní 1863, Harald Krabbe, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, lọ sí erékùṣù Iceland, níbi tí àrùn yìí ti ń da àwọn ènìyàn láàmú gidigidi. Nínú 100 ajá tí ó yẹ̀ wò, 28 ni ó ní aràn náà. Ní 1864 wọ́n pín ìwé kékeré rẹ̀ láti ilé dé ilé, pé kí wọ́n má fi àpò náà fún ajá mọ́. Kò sí oògùn òde òní nígbà náà. Síbẹ̀, pẹ̀lú òfin ajá tí ó tẹ̀lé e, àrùn náà kúrò ní erékùṣù wọn.

Ẹ̀yin alápatà, mo mọ̀ pé owó ni ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n bí wolé-wolé bá ní kí ẹ gbé e sọnù, ihò jíjìn ni kí ẹ sin ín sí, tàbí kí ẹ sun ún. Ẹ so ajá mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ ìparan. Ẹni tí ó ní ajá ọdẹ, kí ó gba praziquantel lọ́wọ́ oníṣègùn ẹran, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ kí ihò náà ti wà ní ibi ìparan kí á tó mú ọ̀bẹ.