Kí ẹ tó gbà kí wọ́n mú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín sáré kọjá ìwọ̀n

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé, iṣẹ́ fídíò ìnáwó tàbí bisinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà l'Adó-Èkìtì, ìbáà jẹ́ ní Ajílòsùn, ní Òkèṣà tàbí lọ́nà Ìwọ́rọ́kò táwọn ọmọ yunifásítì pọ̀ sí, mọ̀ pé oníbàárà kì í fẹ́ dúró. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fà bí ìgbín, ṣọ́ọ̀bù kejì ló kàn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn létí nígbà tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá ní kí ọ̀gá má wulẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun, pé òun á yọ processor àtijọ́, òun á fi tuntun sórí mọ́dábọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀, òun á sì tún mú un sáré ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló sọ papọ̀ yẹn. Èyí àkọ́kọ́ lè fi owó gidi pamọ́ fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Èkejì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó tí òun àti gbogbo ẹ̀yà yòókù jókòó lé. Kì í ṣe gbogbo ọpọlọ ló bá gbogbo pátákó mu. Ilé iṣẹ́ AMD ló ṣe ohun tó rọ tálákà lọ́rùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjókòó tí wọ́n ń pè ní AM4, tí processor Ryzen àkọ́kọ́ lò lọ́dún 2017, náà ni Ryzen 5000 tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ń lò. Wọn ò kọ́kọ́ gbà kí Ryzen 5000 ṣiṣẹ́ lórí àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù ọdún 2017, àmọ́ lọ́dún 2022 wọ́n ṣí ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ní mọ́dábọ́ọ̀dù B350 pẹ̀lú Ryzen 3 1200, tó jẹ́ ọlọ́pọlọ mẹ́rin, lè fi Ryzen 5 5600, tó jẹ́ ọlọ́pọlọ mẹ́fà, rọ́pò rẹ̀, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù náà bá ti gbé ètò tó yẹ jáde fún un. Wáàtì 65 ni AMD kọ sára àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ fídíò tó ń gba odindi òru tẹ́lẹ̀ á yá gan-an, láì yí àpótí, páwà tàbí RAM padà.

Ti Intel kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìran kẹjọ wọn jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, orúkọ ìjókòó rẹ̀ ṣì ni 1151 bíi ti ìran kẹfà àti ìkeje, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù àwọn wọ̀nyẹn. Ó wọlé, kò jí. Ẹni tó bá lọ ra ọjà ní Computer Village n'Ìkẹjà nítorí pé ihò rẹ̀ jọra á kàn pàdánù owó ọkọ̀ ni.

Ewu àkọ́kọ́ wà nínú BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, tó máa ń jí kọ̀ǹpútà. Mọ́dábọ́ọ̀dù ọdún 2017 kò mọ processor ọdún 2020 àfi bí wọ́n bá fi BIOS tuntun sí i, nígbà tí processor àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ láàárín ìṣẹ́jú yẹn, mọ́dábọ́ọ̀dù lè kú pátápátá, kó má tan mọ́. L'Ékìtì níbí, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé lórí bí iná ṣe ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lórí iná NEPA lásán, láìsí UPS tàbí ínfátà tó ṣì gbé iná dúró dáadáa, ẹ sọ fún un pé kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń tán náà kò yàtọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan eré àsákọjá ìwọ̀n, èyí táwọn onímọ̀ ń pè ní overclocking. Ìtàn wà nídìí bó ṣe gbajúmọ̀. Lọ́dún 1998, Intel ta Celeron kan tó yẹ kó máa sáré 300 megahertz, ọ̀pọ̀ èèyàn sì mú un dé 450. Ìdajì lé nìyẹn, lọ́fẹ̀ẹ́. Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń ṣe processor máa ń fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ lórí ọjà wọn. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀: Ryzen 5 5600 fúnra rẹ̀ máa ń gbéra láti 3.5 gigahertz dé 4.4 nígbà tí iṣẹ́ bá dé, bí ooru àti iná bá gbà á láyè. Àwọn tó ṣe é ti jẹ ẹran tó wà níbẹ̀ tán, egungun ló kù fún onítọ̀ọ́nṣe.

Ká ní wọ́n tiẹ̀ rí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fà jáde. Fídíò ìgbéyàwó tó ń gba wákàtí kan kó tó jáde á gba ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta àti ààbọ̀. Kí eré yẹn tó ṣeé ṣe, wọ́n sábà máa ń fi kún fóltéèjì. Iná tí processor ń jẹ máa ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, ṣùgbọ́n ti fóltéèjì tún ń di ìlọ́po lórí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìdá mẹ́wàá kún eré, tí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá kún fóltéèjì, iná tó ń jẹ á lé ní ìdá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ohun tó ń jẹ wáàtì 65 á di bíi 86. Lóòótọ́, owó iná ìyẹn kò tó nǹkan: kódà ní náírà 225 fún yúníìtì kan, iye tí wọ́n gbé e dé fáwọn oníbàárà Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí mẹ́wàá kò ju bíi náírà 50 lọ. Ooru ni ìṣòro.

Gbogbo wáàtì yẹn ló ń di ooru, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó yí ìjókòó processor ká ló sì ń gbé e. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ iná fóòtì 12 tó ń bọ̀ láti páwà di fóòtì kan àti díẹ̀ tí processor lè mu. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù B350 olówó pọ́ọ́kú, wọn ò fi irin atutù kankan bò wọ́n. Ọdún mélòó ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó di tòkunbọ̀? Ẹ wá fi ẹ̀ẹ̀rùn Adó kún un, nígbà tí páànù òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jó, tí eruku ọyẹ́ sì ti dí fáànù. Bí processor bá ti gbóná jù, ńṣe ló máa dín eré tirẹ̀ kù fúnra rẹ̀, èrè ọ̀hún á sì dòfo. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké yẹn ní tiwọn lè jó.

Èyí tó burú ju jíjó lọ ni èyí tí kò hàn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n sún kọjá ìwọ̀n lè máa ṣiṣẹ́ lọ, kó sì máa ṣi ìṣirò díẹ̀díẹ̀. Fáìlì á bàjẹ́ láìsí ìkìlọ̀. Ẹni tó ní project ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ tàbí fídíò ìsìnkú tí kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Bí ẹnì kan bá ṣì takú, ẹ béèrè orúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní A320, irọ́ ni, nítorí AMD kò gba irú eré bẹ́ẹ̀ láyè lórí ìyẹn. Bó bá jẹ́ Intel, processor tí lẹ́tà K gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ àti mọ́dábọ́ọ̀dù tó fi Z bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣí fún un. Dell àti HP tòkunbọ̀ tó ń ti ọ́fíìsì òyìnbó wá kì í sábà ní irú rẹ̀. AMD pàápàá sọ pé gáráńtì àwọn kò kan processor tó bàjẹ́ nítorí eré àsákọjá.

Owó tí wọ́n fẹ́ gbà yẹn, SSD ló kọ́kọ́ yẹ kó lọ sí bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń lo hard disk. Lẹ́yìn rẹ̀ ni RAM, kó jẹ́ méjì tó bára mu dípò ẹyọ kan, nítorí Ryzen máa ń fi méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀. Fún ẹni tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù JAMB àti ìwé títẹ̀ ló ń ṣe, processor kọ́ ló ń dá a dúró rárá, íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da àwọn fáìlì oníbàárà sórí nǹkan mìíràn. Ẹ sì gba processor àtijọ́ lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ti yọ ọ́. Ó ṣì ṣeé tà.